Bí Mo Ṣe Tú Eré Chess Ẹ̀gbọ́n Wa Wò

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ chess wa ní Sábó, Ìkòròdú, fẹ́ràn kó máa fi c4 bẹ̀rẹ̀ eré, ìyẹn ni kó ti ọmọ ogun sí ojú ilé c4 (lẹ́tà ni ìlà tó lọ sókè, nọ́ńbà ni ìlà tó dábùú). Ó mú funfun, ó sì pàdánù eré kan tí gbogbo wa ti rò pé tirẹ̀ ni. Mo bá gba ìwé tó kọ ìrìn rẹ̀ sí, torí mo fẹ́ mọ ibi tó ti yíwọ́.

Bí wọ́n ṣe rìn nìyí, ti funfun ló ṣáájú, ti dúdú tẹ̀lé e; N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, Q ni ayaba, èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá ni ọmọ ogun, x ni pípa, O-O ni kí ọba sá sí ẹ̀gbẹ́ rúùkù (castling): c4 e5, Nc3 Nf6, g3 d5, cxd5 Nxd5, Bg2 Nb6, Nf3 Nc6, O-O Be7, d3 O-O, a3 Be6, b4 f6. English ni wọ́n ń pe irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí, nítorí Howard Staunton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó lò ó nígbà tó pàdé Saint-Amant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní Paris ní 1843. Àwọn kan ní ẹni tó bá fi c4 bẹ̀rẹ̀ ti sá fún àárín pátákó. N kò gbà rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni c4 dúró sí lóòótọ́, àmọ́ d5 ló ń ṣọ́. Wo eré yìí: ọmọ ogun àárín dúdú lọ, ti ẹ̀gbẹ́ ni funfun fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ìlà c sì ṣí sílẹ̀ fún rúùkù rẹ̀.

Orí pátákó gidi ni mo tò ó sí. Mo fi bébà bo ìrìn tó kàn, mo sọ tèmi kí n tó ṣí i. Ẹ má tíì tan Stockfish o, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìrìn chess. Bó bá ti sọ ìdáhùn, ọpọlọ á sùn.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ìrìn tó tẹ̀lé f6: Ne4 Qd7, Nc5 Bxc5, bxc5 Nd5. Ó dára fún funfun: bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì wà, ìlà b ti ṣí. Ẹ̀gbọ́n wá sáré gbé rúùkù sí b1. Dúdú fi Nc3 dáhùn! Ẹṣin yẹn dojú kọ ayaba ní d1 àti rúùkù ní b1 lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ohun tó ń ṣọ́ c3 mọ́: ẹṣin ibẹ̀ ti kú sí c5, ọmọ ogun b ti di ọmọ ogun c. Qc2 Nxb1, Qxb1. Rúùkù lọ, ẹṣin ló rí gbà.

Dípò rúùkù sí b1, Bb2 ni mo kọ sílẹ̀. Ó ń ṣọ́ c3, ó tún ń fúngun mọ́ e5, Qc2 á sì tẹ̀lé e. Nígbà tí mo wá tan Stockfish lórí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess, kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Mo fi han ẹ̀gbọ́n: "Bọ̀dá, b1 ò sá lọ. Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn c3." Ó tò ó padà, ó ní kí n mú dúdú, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìrìn 14, ibi tó ti gbé rúùkù sí b1.