Ilé Tuntun, Pákó Tútù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Bí ẹnì kan bá kó wọ ilé tuntun lóṣù kẹwàá, mo ti mọ̀ pé kí ọyẹ́ tó lọ, yóò ti wá mi wá. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: ó là, ó wú, ó ń dà lúbúlúbú, ó já bọ́. Mo kó mélòó kan jọ síbí, pẹ̀lú èsì tí mo fún ẹni tó béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀gànwó ni wọ́n fi kan tábìlì ìjẹun wa. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ojú rẹ̀ fi là láti etí dé àárín. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá náà. Àbí pákó ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀gànwó gidi ni, mo ti fọwọ́ pa á wò. Tútù ló ṣì wà nígbà tí wọ́n kàn án, òun ni gbogbo ẹjọ́ náà. Igi tí a ti là kò kú tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ní omi nínú, igi a fà á mu, a sì fẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi a jáde lára igi, a sì sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú rẹ̀ ló ń sáré lọ sáré bọ̀. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù náà ń fa omi inú yàrá jáde, ẹ wá kó àwọn méjèèjì lé pákó tútù lórí.

Mo dojú tábìlì náà dé. Súkúrù mẹ́rìndínlógún ni mo kà lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù sì yí férémù ká. Pákó fẹ́ sún, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sún. Kí ló kù tó máa ṣe ju kó là lọ?

Ẹ má tíì fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀pẹ̀ pákó dí ojú ibi tó là. Ẹ tú súkúrù wọ̀nyẹn, ẹ họ gọ́ọ̀mù náà kúrò, kẹ́ ẹ sọ ihò súkúrù tó wà lára férémù di gígùn, ní ìhà ibi tí pákó ń fẹ̀ sí. Ẹ wá dá súkúrù padà pẹ̀lú wáṣà, kẹ́ ẹ má de é pinpin. Ẹ fi tábìlì náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà náà parí sí. Ọjọ́ tí kò bá kọjá àmì mọ́ ni kẹ́ ẹ gé pélébé ọ̀gànwó, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Lábẹ́, ẹ gbẹ́ igi líle méjì bí ìyẹ́ labalábá, kẹ́ ẹ rì wọ́n mọ́ ọn kọjá ìlà náà.

Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ra pákó, ọjà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bódìjà, èyí tí wọ́n là lánàá lè wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti lo oṣù mẹ́fà, àwọ̀ wọn kò sì ní tú àṣírí. L'Ékòó, nígbà tí ibi ìlagi ṣì wà ní Oko-Bàbá l'Ébùté Mẹ́ta, orí omi ọ̀sà ni ìtì igi máa ń gbà léfòó débẹ̀. Ẹ fúnra yín ẹ wo iye omi tó máa wà nínú irú wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: mo máa ń gé pélébé kan láti àárín pákó, nítorí etí rẹ̀ a máa tètè gbẹ, á sì purọ́ fúnni. Mo máa ń gbé e sórí ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà, mo sì máa ń kọ iye gíráàmù rẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé e sí yàrá tí tábìlì máa wà, mo sì ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí iye náà fi dúró sójú kan. Bó bá fi 400 bẹ̀rẹ̀ tó wá dúró sórí 330, omi 70 gíráàmù ló yọ lára pélébé yẹn nìkan. Pákó tó bí i kò tíì tó kàn.

Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì. Ẹ má tẹ́ ẹ sójú oòrùn gangan, ojú rẹ̀ á ya kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń ka ọdún kan fún pákó ínṣì kan. N kò tíì rí oníbàárà tó dúró dé ọdún kan rí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún un lóṣù mẹ́rin ti din ẹjọ́ kù.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ilẹ̀kùn yàrá wa ń há. Lẹ́ẹ̀rùn, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń tì. Láti ìgbà tí òjò ti dé, àfi ká fi èjìká tì í. Ẹni tó kàn án ti wá fá a lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá fá títí tó fi bá òjò oṣù keje mu, bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ó máa rí iná pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá mì, súkúrù híńjì òkè ló ti tú. Ẹ yọ ọ́, ẹ ki igi ìṣáná mẹ́ta tí ẹ ti fi kan gọ́ọ̀mù bọ ihò náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kẹ́ ẹ wá fi súkúrù tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ dè é padà. Mo ti gba owó iṣẹ́ rí fún igi ìṣáná mẹ́ta, ojú sì tì mí díẹ̀.

Bí kò bá mì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun etí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti lẹ̀ mọ́ férémù nìkan ni kẹ́ ẹ fá, fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ilẹ̀kùn kúrò lára híńjì, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti orí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé fáníìṣì kò kan ibẹ̀ rí, torí pé ojú kì í débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà wọlé, pàápàá bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ń fi omi púpọ̀ nu ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá dá tí igi sì gbẹ, ẹ kun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìbéèrè: Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ wa, ojoojúmọ́ là ń gbá ìyẹ̀fun tó dà bí ẹ̀lúbọ́. Ihò tín-ín-tìn-ín wà lára pákó rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ikán ni, wọ́n ní ká da kẹrosíìnì sí i.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá, àmọ́ ẹ bá mi gbé kẹrosíìnì náà pamọ́. Kì í pẹ́ tó fi ń fò lọ, kòkòrò á ṣì wà ní jíjìn nínú igi, òórùn rẹ̀ á sì wà lára ibi tí ọmọ ń sùn, ká má tíì sọ ti iná.

Ikán tí gbogbo wa mọ̀ máa ń fi erùpẹ̀ mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Ẹ kò sọ̀rọ̀ erùpẹ̀ fún mi. Ẹ bu ìyẹ̀fun náà sáàárín ìka méjì, kẹ́ ẹ fi pa ara wọn. Bó bá ń gún yín lọ́wọ́ bí iyanrìn, tó sì ní hóró wẹ́wẹ́, ikán mìíràn tí ń gbé inú igi gbígbẹ ni, ẹ pe oníṣẹ́ kòkòrò. Bó bá kúnná bí ẹ̀lúbọ́ tí a ti kù, kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ igi ló wà nínú rẹ̀. Ó ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ihò tóóró tó wà lára apá funfun igi, ìyẹn apá tó sún mọ́ èèpo, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà fún ọmọ rẹ̀. Ihò tí ẹ ń rí yẹn, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni. Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe inú pákó ló ti wà láti ibi tí ẹ ti rà á.

Arère ni wọ́n fi kan bẹ́ẹ̀dì náà, àbí? N kò ní bú arère. Ó fúyẹ́, ó rọ ayùn lọ́rùn, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án, oúnjẹ kòkòrò ni.

Ẹ gbé ọmọ kúrò ní yàrá náà ná. Bó bá jẹ́ pákó ìtẹ́lẹ̀ méjì-mẹ́ta nìkan ló kàn, ẹ yọ wọ́n, ẹ sun wọ́n, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sáńpépà họ fáníìṣì kúrò, torí oògùn kò lè gbà á wọlé. Ẹ po bóráàsì mọ́ omi gbígbóná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi fáníìṣì bò ó padà láìku ibì kan. Kòkòrò yìí kì í yé ẹyin sórí fáníìṣì. Ẹ fi àbẹ́là dí gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, kí ẹ lè dá tuntun mọ̀ bó bá yọ. Oògùn dúdú tí wọ́n fi ń kun igi òrùlé, òrùlé ni kó mọ. Kò gbọdọ̀ dé ibi tí ọmọ ń sùn.

Ìbéèrè: Mo kan àpótí ìjókòó fúnra mi, mo fi lákà kùn ún, ojú rẹ̀ wá funfun bí ìgbà tí a da omi ògì sí i.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́! Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí ẹ kùn ún. Bí tínà tí wọ́n fi po lákà ṣe ń fò lọ, ó ń mú ojú igi tutù, ìrì wá sẹ̀ sínú lákà. Ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ fín tínà fẹ́ẹ́rẹ́ sí i níta, níbi tí kò sí iná. Lákà á rọ̀, omi á jáde. Bó bá kọ̀, sáńpépà 320, kẹ́ ẹ tún un kùn.

Ìbéèrè: Pẹpẹ ìwé tí a kàn mọ́ ògiri pálọ̀ já lóru. Igi tí wọ́n gbẹ́ kì bọ ògiri ló bá súkúrù jáde.

Ìdáhùn: Bí igi tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ bá tutù, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ló sún nínú ihò rẹ̀, ó sì ń mì. Ẹjọ́ tábìlì yẹn náà ni, kékeré rẹ̀. Èkejì ni pé búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Bẹ́ ẹ bá ń lu dírílì tó sì rì lójijì, inú ihò lẹ bọ́ sí yẹn. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri àti èèpo búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ń gbé ìwé yín. Ẹ sún ibẹ̀ títí ẹ ó fi kan ibi tó le, tàbí kẹ́ ẹ wá òpó kọnkéré. Ẹ lo fíṣà oníke tó gùn, ìyẹn ike tí a ń kì bọ ihò ògiri kí súkúrù lè rí nǹkan dì mú. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí a la pákó kan ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí méjì: a ó de ìdajì mọ́ ògiri pẹ̀lú súkúrù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìdajì kejì á wà lẹ́yìn pẹpẹ, a ó sì fi kọ́ ọ. Ẹrù náà á pín káàkiri.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù tuntun ti hu funfun, aṣọ wa sì ń rùn.

Ìdáhùn: Ògiri kò tíì gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá kan, ẹ fi séléètépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bí ẹ̀yìn ọ̀rá bá làágùn, ẹ má tíì kun ọ̀dà, ẹ má sì gbé nǹkan kan tì í. Ẹ nu èyí tó hu náà, kẹ́ ẹ fa wọ́dúróòbù síwájú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa ṣí fèrèsé. Bó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ṣì ń làágùn, ẹ pe oníṣẹ́ páìpù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi àdìrẹ ìyá mi àgbà sínú férémù, kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Gọ́ọ̀mù wo ló dára jù?

Ìdáhùn: Kò sí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán an mọ́ aṣọ funfun kan, kí aṣọ funfun yẹn wá jẹ́ èyí tí a ó dè mọ́ pákó ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín díńgí àti àdìrẹ, kí wọ́n má kan ara wọn, torí ooru a máa mú díńgí làágùn. Èmi náà ti kan irú férémù bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan rí. Ó gbé e kọ́ kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ibi tí kọ́tìnnì ń bò ṣì dúdú bí aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ìyókù ti ṣá. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kẹ́ ẹ gbé tiyín kọ́ sí.