Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀rọ̀ Ṣàpèjúwe Àmì Asà

Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní ilẹ̀ Okun bá fẹ́ ní àmì asà tiwọn, ìyẹn àwòrán orí asà tó dúró fún wọn, ayàwòrán ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wá lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, tí àwọn jagunjagun Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá, ọ̀rọ̀ ló ṣáájú àwòrán. Bí àpèjúwe bá pé, ẹni tí kò rí àmì náà rí gbọ́dọ̀ lè yà á láìṣì í, bí ẹṣin tó yà sínú rẹ̀ tilẹ̀ sanra ju ti ayàwòrán mìíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àmì orílẹ̀-èdè wa kọ́ ọ. Àwọ̀ ojú asà ni a ń kọ́kọ́ dá, kí ohun tó wà lórí rẹ̀ tó tẹ̀lé e: "Asà dúdú, tí ọ̀já fàdákà tó rí bí Y, tó sì ń ru bí ìgbì, wà lórí rẹ̀." Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ni ọ̀já náà. Ẹni tó bá ti Kàbbà dé Lọ́kọ́ja, tó sì gun Òkè Patti, yóò rí odò méjì tó di ẹyọ kan, tó sì ń ṣàn lọ sí gúúsù. (Bí ó bá jẹ́ tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ Okun ìbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.) Lẹ́yìn asà ni a ń sọ ti orí rẹ̀, ìyẹn ẹyẹ idì pupa lórí aṣọ lílọ́ funfun àti àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ẹṣin funfun méjì tó gbé asà dúró, ilẹ̀ olódòdó tí wọ́n dúró lé, àti gbólóhùn ìsàlẹ̀.

Àwọ̀ ló ń da iṣẹ́ rú jù. Wúrà àti fàdákà, tí a tún ń fi yẹ́lò àti funfun yà, ni a ń pè ní irin. Pupa, aró, dúdú, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò ni àwọ̀ gan-an. Irin kì í gun orí irin, àwọ̀ kì í sì í gun orí àwọ̀, nítorí pé ojú kò ní tètè yà wọ́n sọ́tọ̀ láti òkèèrè. Nítorí náà, iṣu wúrà lórí asà funfun kò bófin mu. Àwa Yorùbá tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i, nítorí pé ẹnu wa lè pe aró àti ewé tó ṣú ní dúdú. Nínú àpèjúwe, àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọ̀tún àti òsì jẹ́ ti ẹni tó gbé asà dání, kì í ṣe ti òǹwòran. Bí eégún bá kọjú sí wa, òsì wa ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà.

Àpẹẹrẹ tí ìlú olókè kan lè lò nìyí: "Asà àwọ̀ ewé, òkè wúrà kan láàárín ìràwọ̀ fàdákà méjì." Ẹ kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní pẹ́ńsùlù, ibi tó bá ti ń béèrè ìbéèrè ni kí ẹ tún kọ.