Ọlọ́kadà Tó Fẹ́ Di Oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà pẹ́ kì í ka kẹ̀kẹ́ Màrúwá sí nǹkan tí géńdé ń wà. Ẹ má bá mi jiyàn, mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọlọ́kadà ń sọ nípa àwa oníkẹ̀kẹ́ níbi tí ẹ ti ń dúró de èrò. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ arọ ni. Ẹ ní ẹni tí kò lè dúró lórí táyà méjì ló ń wá ẹ̀kẹta kún un. Ẹ ní bí oníkẹ̀kẹ́ bá ti wà níwájú yín, ọ̀nà ti dí nìyẹn: kò ní yà, kò ní sáré, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíì kọjá. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwa náà ní orúkọ tí a ń pè yín, ṣùgbọ́n ọmọdé lè máa ka èyí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé nígbà tí òfin lé yín lójú títì, ọ̀dọ̀ wa náà lẹ sá wá, ẹ ò sì fi ẹ̀gàn yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn kì í jókòó kọ́ ohun tó bá ń gàn. Ẹ ó ta ọ̀kadà, ẹ ó gba àjọ, ẹ ó tún yá lọ́wọ́ àǹtí, ẹ ó ra kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ó di ọ̀sán ẹ ti ń gbé èrò. "Ṣebí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gun Boxer, kí ló kù tí mo fẹ́ kọ́?" Ohun tó kù yẹn ni àwọn mẹ́káníìkì àti jórinjórin àdúgbò wa fi ń kọ́lé. Ó ti sú mi láti máa wò ó.

Èkíní, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ òsì ló ń pààrọ̀ gíà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ ti ẹ̀yìn. Nínú kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì tó ń fún kílọ́ọ̀ṣì náà ló ń yí gíà, bíréèkì kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ló ń mú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá wo ọlọ́kadà àná tí danfo kan já wọ iwájú rẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ń fún afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ òsì ń wá gíà kiri lórí páànù lásán. Kí ẹ tó gbé èrò kankan, ẹ wá pápá ilé ìwé kan lọ́jọ́ Àìkú, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀, títí ẹsẹ̀ òsì yín á fi gbà pé òun ò níṣẹ́ mọ́.

Èkejì, ẹ má yọ ẹsẹ̀ síta bí ẹ bá fẹ́ dúró. Táyà ẹ̀yìn yọ síta ju ibi tí ẹ jókòó sí lọ. Ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi lélẹ̀ ló máa gùn.

Kẹ̀kẹ́ ní gíà tó ń lọ sẹ́yìn. Ẹ yé bọ́ sílẹ̀ tì í.

Ẹ̀kẹta ni kọ́nà, ibí yìí sì ni mo ti máa pariwo. Ọ̀kadà máa ń fì. Bí ẹ bá ń sáré tí ẹ sì fẹ́ yà sí òsì, ọwọ́ òsì yín máa ń ti hándù síwájú díẹ̀. Ẹ lè má mọ̀ pé ẹ ń ṣe é, ara yín mọ̀ ọ́n. Táyà iwájú á kọ́kọ́ yí sí ọ̀tún fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kadà á wá fì sí òsì, ẹ ó sì yà wẹ́rẹ́. Ọdún pípẹ́ lẹ ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú. Ẹ wá ti hándù kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́ ò lè fì, nítorí náà ibi tí táyà bá kọjú sí ló ń lọ. Òsì lẹ fẹ́ lọ, ọ̀tún ló ń gbé yín lọ, gọ́tà sì ni ẹni tó ń dúró dè yín lọ́tùn-ún.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to táyà kẹ̀kẹ́: méjì lẹ́yìn, ẹyọ kan níwájú, láàárín. Igun méjèèjì tó wà níwájú, kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn. Bí kẹ̀kẹ́ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ á fẹ́ dà síta kọ́nà. Bí ẹ bá wá tẹ bíréèkì níbẹ̀, ẹrù á tún rọ́ síwájú, síbi tó jẹ́ táyà kan ṣoṣo ló ń gbé e, táyà ẹ̀yìn tó wà nínú kọ́nà á gbéra nílẹ̀. Ó tán. Èrò tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níwájú tún ń dá kún un. Nítorí náà, ìgbà tí kọ́nà ṣì wà níwájú ni ká tẹ bíréèkì. Ká já a sílẹ̀ kí a tó yí hándù, ká sì fún un ní iná díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi jáde. Mo ti ń sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí.

Àbúrò kan wà lápá Ìyánà Ìpájà lọ́hùn-ún, ọlọ́kadà gidi, ẹni tó lè gba àárín ọjà kọjá láìkan apẹ̀rẹ̀ tòmátò kankan. Ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára síìtì. Ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà Àyọ̀bọ̀, kò sí èrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, a dúpẹ́. Ó dé kọ́nà, mo sì rí i tó yọ orí síta, tó yọ èjìká síta, tó ń fì gbogbo ara rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe lórí ọ̀kadà. Òun nìkan ló ń fì. Kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán. Nígbà tó rí i pé kò yà tó, ó tẹ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ rọra dùbúlẹ̀ sójú títì. Ìyá kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ló kọ́kọ́ ké "Yéè!", kí àwọn géńdé tó sáré wá gbé e dìde. Gíláàsì iwájú fọ́, irin òrùlé wọ́, dígí ẹ̀gbẹ́ di tìdọ̀tí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀? "Wọ́n ta kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ fún mi." Mo ní, "Àbúrò, kẹ̀kẹ́ yẹn ò ṣe nǹkan kan, bíréèkì lo tẹ̀ nínú kọ́nà." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, mo ti ń wa nǹkan kí ẹ tó mọ̀nà Agége." Ó gbé e lọ bá mẹ́káníìkì kan, ó sì sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ náà ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ni mẹ́káníìkì tó máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní rẹ́rìn-ín? Wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú tí kò ṣe nǹkan kan, wọ́n tún irin tí kò wọ́ tò, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó oṣù kan tó tún fi dà á nù ní kọ́nà mìíràn. Kẹ̀kẹ́ ti di ti ẹlòmíì báyìí.

Èmi, "Pásítọ̀" ni wọ́n ń pè mí ní páàkì wa nítorí bí mo ṣe máa ń rọra wọ kọ́nà. Àwọn èrò tó bá ń kánjú máa ń fò mí dá lọ bá ẹni tó tẹ̀ lé mi, àwọn ọmọléèwé kan tilẹ̀ wà tó ń bá mi kọrin ìyìn bí wọ́n bá ti wọlé. N ò bínú. Gíláàsì iwájú mi, èyí tó bá a wá ni.

Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀. Gálọ́ọ̀pù: ìlà kan ni ọ̀kadà ń tọ̀, kẹ̀kẹ́ ń tọ ìlà mẹ́ta. Bí iwájú bá yẹ̀ ẹ́, ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn á kó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kí kòtò gba àárín yín kọjá bí onímọ́tò ṣe ń ṣe, táyà iwájú ló máa lọ kí i. Nígbà tí kò bá sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́, ẹ rọra, kí ẹ jẹ́ kí ti ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, kó má jẹ́ iwájú tí ẹ fi ń darí.

Àyè tí ẹ ń gbà kọjá láàárín danfo méjì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Iwájú kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín, ó ń tàn yín jẹ: orí á wọlé, ìdí á há. Kọ̀ǹdọ́ tí ẹ bá fọ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀ ló máa parí ẹ̀kọ́ náà fún yín.

Ìkẹfà tàbí ìkeje, n ò mọ èyí tí a dé mọ́, ni ti ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀kadà, àárín orúnkún yín ló wà. Bí ó bá gbóná jù, ẹsẹ̀ yín á sọ fún yín, bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ ó gbọ́. Nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ló wà, lẹ́yìn ìdí èrò, ẹ sì tún ti gbé gbohùngbohùn méjì sí àárín ẹ̀yin àti òun. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ nǹkan bí 200 cc ni, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kì í ṣe omi, ó sì ń fa kẹ̀kẹ́ tó lé ní 300 kílò, pẹ̀lú èèyàn márùn-ún nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì láràárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i. Ẹni tó ń dúró kí iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ti pẹ́. Ẹ má sì bi mí níbo ni ṣéènì rẹ̀ wà. Kò ní.

Òfin wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín gbọ́ pé láti 1 Okúdù 2022 ni wọ́n ti ka ọ̀kadà léèwọ̀ pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà l'Ékòó, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, pé ní Ọwẹ́wẹ̀ ọdún kan náà wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Kò sí kẹ̀kẹ́ nínú ìyẹn lóòótọ́. Ẹ wá rò pé kẹ̀kẹ́ ti gba ìwé àṣẹ ìrìn-fàlàlà. Ẹ ò rántí 1 Èrèlé 2020, nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ pọ̀ kúrò lójú títì márosẹ̀ mẹ́wàá àti orí afárá 40. Ẹ ò rántí òfin ìrìnnà 2012 tó ti ka ọ̀nà 475 léèwọ̀ kí ọ̀pọ̀ yín tó gun ọ̀kadà. Lójú òfin méjèèjì yìí, arákùnrin yín ni wá. Ọlọ́kadà tó ti mọ́ lára láti já wọ márosẹ̀ kó sì tún já kúrò kí ọlọ́pàá tó yíjú, ó gbé kẹ̀kẹ́ débẹ̀, kò rí ibi já sí. Ẹ bi àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ti wà lójú pópó láti àsìkò Buba Marwa, gómìnà ológun Èkó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá, wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà wọn pin sí ní àdúgbò wọn. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra, ó dín owó kù ju kí ẹ máa lọ bẹ ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ yín.

Ẹ̀yin tó ń gba kẹ̀kẹ́ kí ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ka ìwé yẹn tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, kò mọ̀ pé ìdìbò ni kò jẹ́ kí ẹ jáde, kò sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì àgbèrò tí ẹ ń gbà lónìí ju ti ọ̀kadà lọ. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò kí ẹ tó máa ka èrè lójú àlá.

Èyí tó kẹ́yìn kan ìwà. Ẹ dé páàkì, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni, ẹ fẹ́ já tọ́ọ̀nù bí ẹ ti ń ṣe ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Ọ̀kadà tó bá bàjẹ́, ẹ ó tì í lọ sílé. Kẹ̀kẹ́ tó bá kú sójú títì lálẹ́, oníkẹ̀kẹ́ mìíràn ló máa wà lẹ́yìn yín, tó máa na ẹsẹ̀ síta, tó máa fi ti ọkọ̀ yín dé ibi iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ẹni tí ẹ pè ní arọ láàárọ̀ kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi tì yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ lóòótọ́, ẹ wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú lọ́sàn-án kan, nígbà tí èrò bá dá, kí ẹ máa wo ọwọ́ òsì mi. Ẹ mú owó ọkọ̀ yín dání o. N kì í gbé ọlọ́kadà lọ́fẹ̀ẹ́.