Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìpàdé

Ohun tó ń jẹ owó àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ẹbí ni àìmọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ka lẹ́tà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ kankan ń gba lẹ́tà 160 ní péèjì kan (ìyẹn ẹyọ tí wọ́n ń gba owó lé lórí), tàlàfo tàlàfo, tòun ti kọ́mà. Ẹ fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ó di 70. Bó bá wá kọjá 70, péèjì kọ̀ọ̀kan á gba 67 péré, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mú àyè díẹ̀ láti fi so wọ́n pọ̀. Ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí, méjì ni wọ́n ń kà á: lẹ́tà ọ̀kan, àmì ohùn ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ ènìyàn 200, iṣẹ́ péèjì mẹ́ta ti di owó péèjì 600.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ àmì dànù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. "Mu igba wa": ṣé igbá ni kí wọ́n mú wá, àbí igba náírà? "Oko ti de": ṣé ọkọ ìyàwó ló dé, àbí ọkọ̀ tó ń kó àga bọ̀? Owó tí a rò pé a ṣẹ́ kù, orí ìpè tí gbogbo wọn á máa pè láti béèrè ló máa bá lọ. Ẹ fi àmì sílẹ̀, ẹ gé ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ jù ni ìkíni. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, mo ní kí n fi àsìkò yìí…" Ìpàdé ò tíì jẹ yọ, péèjì kan ti tán, ẹni tí fóònù rẹ̀ ń fi ìlà àkọ́kọ́ nìkan hàn kò sì tíì mọ ohun tí a ń wí. A kì í pa ìkíni jẹ, pàápàá fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ìpàdé ẹbí: Sátidé 14/6, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ilé Bàbá Àgbà."

67 ni. Péèjì kan, gbogbo àmì rẹ̀ pé.

Ẹ má kọ "ọ̀la" sípò déètì. Fóònù tí wọ́n pa kò ní gba iṣẹ́ títí wọn yóò fi tàn án. "Ọ̀la" tí ẹ kọ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó kà á ní Jímọ̀ á gbà pé Sátidé ni.

Ìbéèrè mẹ́ta nínú iṣẹ́ kan náà ò dáa: "Ṣé ẹ ti sanwó? Ṣé ẹ̀ ń bọ̀? Ṣé kí n ra omi?" "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ń padà wá, a ò sì ní mọ èyí tó ń dáhùn.

Ìgékúrú tó burú jù lọ ni "Ẹ pè mí kíá." Bí ìyá àgbàlagbà bá ka èyí ní kùtùkùtù, àyà rẹ̀ á ti já kó tó rí ẹni bá a tẹ nọ́ńbà. Ẹ fi ìdí rẹ̀ kún un: "Ẹ pè mí, ọ̀rọ̀ owó ilé ni. Àlàáfíà la wà." Kò tó lẹ́tà 50. Ọ̀rọ̀ ikú ní tiẹ̀, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ túfọ̀ rárá, bó ti wù kó kúrú tó. Ẹ pe ẹnì kan tó wà nítòsí àwọn tó yẹ kó gbọ́, kó lọ bá wọn nílé.