Bonsai láti inú irúgbìn: àwọn ìbéèrè tí ẹ ò yéé bi mí

Mo ra irúgbìn bonsai lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò hù.
Kò sí irúgbìn tó ń jẹ́ bonsai. Igi bí igi ni, ọwọ́ ẹni ló ń sọ ọ́ di bonsai, ìyẹn igi tí à ń gé, tí à ń tọ́ kó lè kéré nínú ìkòkò. Irúgbìn maple, igi ilẹ̀ Japan kan, ni wọ́n tà fún yín, ó sì ń fẹ́ òtútù kó tó hù. Ẹ lè kì í sínú fíríìjì kó sì hù, ooru Èkó ni kò ní jẹ́ kó gbádùn. Ẹ gbin àjàgbọn.

Àjàgbọn náà ò hù.
Èèpo rẹ̀ le. Ẹ fi sáńpépà ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí funfun inú á fi yọjú, kẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú.

Ó hù, ó sì ṣubú lulẹ̀.
Ẹ wo ìdí rẹ̀, ó ti rà. Omi pọ̀ jù. Ẹ po yanrìn mọ́ yẹ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ sì lu ihò sídìí ìkòkò.

Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó kàn ń ga.
Ẹ gbé e kúrò ní pálọ̀. Ìta nilé igi.

Etí ewé ń jó, bẹ́ẹ̀ mò ń bomi rin ín.
Omi yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bi léèrè. Àǹtí kan ní Lẹkki ní àjàgbọn tó ń ṣe báyìí. Ó ní oòrùn ni, ó gbé e sábẹ́ ibòji. Ewé ṣì ń jó. Ó ní òùngbẹ ni, ó fi kún omi, ewé tún wá ń jó sí i. Ìyá rẹ̀ ní aráyé ni. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé tójò bá ti dé, igi náà á rúwé tútù yọ̀yọ̀. Tọ́yẹ́ bá dé, ó tún di jíjó. Lọ́jọ́ kan ni mo rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ etí ìkòkò. Mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò: iyọ̀!

Kànga dẹ̀rọ ilé wọn ò jìnnà sí ọ̀sà. Oòrùn ń fa omi lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò kékeré tí kò rí ibi gbé e gbà. Bó ṣe ń bomi sí i ló ń fiyọ̀ sí i. Síse omi kì í yọ iyọ̀, álọ́ọ̀mù náà kì í yọ ọ́. A pààrọ̀ yẹ̀pẹ̀, a gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ fún omi òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń kán lára éàkọ́ńdíṣọ̀n ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá ń bu omi sí i, ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde nídìí ìkòkò dáadáa.

Wáyà tí mo fi tọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ti wọnú èèpo.
Ẹ má tú u. Ẹ fi pílásì gé e ní kékeré-kékeré. Igi ń yára sanra níbí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò tóbi.
Ẹ ti yára gé e jù. Ẹ gbìn ín sílẹ̀, kó lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kẹ́ ẹ tó bẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ìkòkò pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò bonsai, ìgbẹ̀yìn ló wà fún.

Ṣé mo lè gé gbòǹgbò àárín fúnra mi?
Lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pe ẹni tó ti ṣe é rí, kì í ṣe ẹni tó ń bá yín gé fúláwà ẹnu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì pè é kẹ́ ẹ tó fa igi yọ.