Bí a ṣe ń yan power pack tó bá kọ̀ǹpútà àtọwọ́tò mu

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò iná tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ, kó tó forí lé ìsọ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́. Bí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ń jẹ wáàtì 65, tí káàdì àwòrán ń jẹ 170, tí a sì fi nǹkan bí 60 kún un fún àwọn yòókù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 295. Síbẹ̀, power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà) wáàtì 550 ni èmi yóò rà, nítorí pé káàdì àwòrán a máa ṣàdédé fa iná ju iye tí wọ́n kọ fún un lọ.

Ẹ yí power pack náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ka àkọlé ara rẹ̀ dáadáa. Ìlà 12V (ìlà iná fóòtì 12) ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni processor àti káàdì àwòrán ń lò. Èyí tí wọ́n kọ 500 gàdàgbà sí lára, ṣùgbọ́n tí ìlà 12V rẹ̀ kò ju ámípíà 18 lọ, wáàtì 216 péré (12 × 18) ló lè gbé níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á.

Ẹ wo ẹnu wáyà pẹ̀lú: oníhò 24 fún motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), oníhò 8 fún processor, oníhò 6 tàbí 8 fún káàdì àwòrán. Ẹ má ṣe yá wáyà power pack mìíràn lò, kódà bó wọlé rẹ́gí, nítorí ètò inú rẹ̀ lè yàtọ̀, kó sì jó díìsìkì yín.

Bí bọ́tìnì pupa bá wà lẹ́yìn rẹ̀, orí 230 ni kó wà kí ẹ tó so ó mọ́ iná NEPA. Bó bá wà lórí 115, yóò jó lójú ẹsẹ̀.