Bẹ́ ẹ ṣe máa tú omi pọ́ǹdù ẹja yín láì pa ẹja tó wà nínú odò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àrọ̀ n'Ílọrin àti agbègbè ẹ̀, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan báyìí, oyé mú gan-an, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ pọ́ǹdù mi lẹ́yìn Ẹyẹńkọrin ti fẹ́ẹ̀ gbẹ tán, èmi sì ń kánjú kó ẹja fáwọn oníbàárà mi ní ọjà Mandate, ni mo bá ṣí páìpù, omi pọ́ǹdù kọnkéré méjì dà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò tíì dọ̀sán tí ìyá tó máa ń fọ irú nísàlẹ̀ odò fi ránṣẹ́ pè mí. "Ọmọ mi, wá wo nǹkan tó o fi ránṣẹ́ sí wa." Epìyà kéékèèké bí ìka ọwọ́, gbogbo wọn ti dojú ikùn sókè, funfun lójú omi, omi náà ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mi ò mọ ibi tí mo máa kojú sí.

Nǹkan tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé inú omi yẹn kan náà làwọn àrọ̀ tèmi wà kí n tó kó wọn, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n ń ta kiri. Àrọ̀ yàtọ̀ ni o. Ó máa ń yọ orí sókè wá mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, nǹkan kan wà nínú orí ẹ̀ tó fi ń ṣe é. Epìyà ò ní in, inú omi ló ti ń wá tiẹ̀, tí omi bá ti bàjẹ́ ó parí fún un nìyẹn. Torí náà kẹ́ ẹ má sọ pé "ẹja mi ò kú, omi mi dáa", irọ́ ni.

Àwọn tó ń sin ẹja lójú òkun gangan, bíi ní Nọ́wè, Skọ́tlándì àti Ṣílè, wàhálà tiwọn ju tiwa lọ. Àwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ṣe kéèjì ni ẹja wọn wà, kò sí ògiri, kò sí páìpù, ìgbẹ́ ẹja àti fíìdì tí ẹja ò jẹ ń já bọ́ sísàlẹ̀ òkun tààrà, tó bá pọ̀ jù ilẹ̀ abẹ́ kéèjì á di ẹrẹ̀ dúdú tí kò sí atẹ́gùn nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń gbé inú ilẹ̀ yẹn á kú. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n kó kéèjì kúrò lójú kan fún oṣù mélòó kan, bí àgbẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Àwa tá a ní pọ́ǹdù, ọwọ́ wa ni ẹnu páìpù wà, a lè dá omi dúró. Ẹ jẹ́ ká lò ó.

Nǹkan àkọ́kọ́, ẹ wọ ráìnbúùtù yín kẹ́ ẹ tẹ̀ lé omi náà dé ibi tó ń lọ. Mo mọ ẹni tó ti sin ẹja fún ọdún mẹ́rin tí kò mọ̀ pé gọ́tà òun ń já sí ibi táwọn ọmọ ti ń pọnmi. Tèmi, odò kékeré yẹn kì í pẹ́ kó tó dé odò Àsá, Àsá náà sì ń lọ sọ́nà Ọya, ẹ mọ ibi tí Ọya ń gbé e lọ. Tó bá jẹ́ àárín oyé ni, tí omi odò ò tó kókósẹ̀, ẹ má tú omi sí i rárá, kò sí omi tó máa là á.

Ẹ wá wo ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń da fíìdì. Púrótíìnì inú fíìdì, èyí tó ń di ẹran ara ẹja kì í tó ìdajì, inú omi ni ìyókù ń lọ, òun ló ń di ammonia tó ń ta yín nímú. Ojú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti máa fún wọn, díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí fíìdì tó ṣì ń léfòó lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti dà á jù. Àti pé ẹja lílọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ fíìdì òyìnbó yìí o, títí kan ṣawa tí wọ́n ń kó létí òkun Mòríténíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà lọ sí fákítírì, ṣawa táwọn ará ibẹ̀ ò bá fi se ọbẹ̀. Èyí tó bá jẹrà nísàlẹ̀ pọ́ǹdù yín, ọbẹ̀ ẹlòmíì lẹ dà nù.

Tó bá wá kan títú omi gan-an, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ láti àná, kí ìgbẹ́ lè dín kù. Omi òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, díẹ̀díẹ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó gba inú koríko kọjá. Omi òkè ò burú tó bẹ́ẹ̀. Omi ìsàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn, òun ni apààyàn, ibẹ̀ ni gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kò nílò kó tóbi tó pọ́ǹdù, kó ṣáà ti lè gba omi ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó tòrò níbẹ̀. Ojú oró ni mo jù sínú tèmi, ó ń fa ọ̀rá omi yẹn mu, ó sì ń pọ̀ bí ẹni tó ń jowú, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń kó o jáde fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ojú oró náà bọ́ sódò o, ẹjọ́ míì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé omi kòtò ti tó tú sódò: ẹ bu omi kòtò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ bu omi odò sí èkejì, ẹ fi epìyà kékeré méjì méjì sínú wọn. Tí ti kòtò bá ń ya ẹnu lójú omi tí ti odò ò ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì yá. Ojú yín ló máa sọ fún yín.

Omi tẹ́ ẹ ti da oògùn sí, bóyá fọ́málínì tàbí àǹtíbáyótíìkì, ẹ má tú u sódò, ẹ má sì bu ú sí ẹ̀fọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹja tó kú, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bò ó mọ́. Àìsàn kì í mọ ààlà. Ní Nọ́wè, kòkòrò kan bí iná orí máa ń lẹ̀ mọ́ ara salmon, ẹja tí wọ́n ń sìn inú kéèjì níbẹ̀, ó ń pọ̀ sí i torí ẹja fún pọ̀, ó wá ń lé àwọn ọmọ salmon tó ń jáde láti odò sínú òkun. Láti 2017 ni ìjọba wọn ti pín etíkun sí ọ̀nà 13, wọ́n ń fi àwọ̀ iná tráfíìkì sí i, ibi tó bá pupa wọ́n lè ní kí ẹja inú kéèjì dín kù. Iná ni wọ́n fi ń ṣọ́ iná, ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ má gbàgbé àwọ̀n lẹ́nu páìpù, kí ẹja yín má bàa sá lọ sódò, kí òjò tó dé ni kẹ́ ẹ ti gbé etí pọ́ǹdù ilẹ̀ sókè. Lóṣù kẹjọ 2017, kéèjì kan wó ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, salmon òkun Atlantic tó lé ní 200,000 sá wọ omi Pacific. Tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja tá a ń rà jẹ́ heteroclarias, àdàlù àrọ̀ méjì, kò yẹ kí wọ́n lọ máa bá tinú odò gùn.

Ṣọkọ tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò mi ti ń ṣe dáadáa. Ìyá onírú ló ń já a jù, kò sì tíì san kọ́bọ̀.